Kápúsù roboto, oògùn ti bómi lọ

Àbúrò, o ní kápúsù kéékèèké tí o pò mọ́ ọ̀dà, tó yẹ kó bẹ́ kó sì da oògùn ìpẹtà sójú ibi tí ọ̀dà bá ti ya, rí roboto lábẹ́ máíkírósíkóòpù, síbẹ̀ irin tí o kùn ní ọ̀dà náà ń dípẹtà lójú ibi tí o ti fi abẹ ya á. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìdí rẹ̀.

Ìlànà táwọn ará Yunifásítì Illinois gbé jáde ní 2003 ni mo tẹ̀ lé: yùríà àti fọ́málínì fún èèpo, omi kíkan tí pH rẹ̀ jẹ́ 3.5, ìgbóná 55°C fún wákàtí 4. Epo linseed ni mo fi sínú, mo po benzotriazole, oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan iná lọ ní wákàtí kejì, ẹ̀rọ tó ń rò ó dúró, kí n tó wá igi, gbogbo rẹ̀ ti dì bí ẹ̀bà àná. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì dáa, ojú rí i.

Èyí tí ojú ò rí ló pa mí lára. Lítà omi kan lè gba nǹkan bíi gíráàmù 20 benzotriazole, omi gbígbóná tún gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èèpo tó le, oògùn ti kúrò nínú epo, ó ti bọ́ sómi. Omi tí mo fi ń ṣan kápúsù, tí mò ń dà sí sínkì, oògùn ni mò ń dà nù! Ìgbà tí mo gbé omi náà sínú ẹ̀rọ UV tó ń wo bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, tí ìlà rẹ̀ ga sókè ní ìtòsí 260 náànómítà, ibi tí benzotriazole ti máa ń hàn, ni mo tó jókòó.

Wọn á ní kó o lo oògùn ìpẹtà mìíràn, 8-hydroxyquinoline. Má dá wọn lóhùn: ní pH 3.5 ó ń di iyọ̀, òun náà á bómi lọ. 2-mercaptobenzothiazole ló dúró fún mi, torí omi kíkan kì í fẹ́ gbà á.

Láti mọ̀ bóyá oògùn ṣì wà nínú, wọn kápúsù gbígbẹ, gún un nínú odó kékeré, fi àsítóònù ṣàn án, kó o wọn èèpo tó kù. Àsítóònù yẹn, jẹ́ kó fẹ́ lọ, wá oògùn nínú epo tó ṣẹ́ kù. SEM, máíkírósíkóòpù alágbára tó ń fi ẹ́lẹ́kítíróònù wo nǹkan, lè dúró. Èèpo tó rí ṣákaṣàka níbẹ̀ kò burú, hóró yùríà-fọ́málínì ló lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣé o ṣì ní omi ìṣàn tàná? Má tíì dà á nù.