Ṣé ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ gbọ́ ìwádìí àwọn olùkọ́ yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, lórí ìdáàbòbò igbó?

Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú. Ẹ kò ní sanwó, wọ́n sì sábà máa ń tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kékeré. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ àti àwọn tó ń sun èédú gan-an ló yẹ kó gbọ́ ọ lédè Yorùbá. Ẹ wo igi òrí: ó máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ọjọ́ kan péré sì ni wọ́n fi ń gé e lulẹ̀ láti fi sun èédú. Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì ní tirẹ̀ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan.