Níbo ni ọ̀rọ̀ ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì náà, "why", ti ṣẹ̀ wá?

Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ orírun "why", ó sì fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń kọ "h" sínú rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pè é.

Lára "what" ni "why" ti jáde. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "hwæt" ni "what" ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ a máa yí padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn; bí wọ́n bá ń béèrè ohun tí a fi ṣe nǹkan tàbí ohun tó fà á, "hwȳ" ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, "nípasẹ̀ kí ni" ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an nígbà náà. Èyí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí inú "kí" ni àwa náà ti ń mú "nítorí kí ni" àti "kí ló fà á" jáde, àfi pé tiwa ṣì hàn gbangba, tiwọn sì ti súnkì títí ojú kò fi dá a mọ̀ mọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni "who", "where", "when" àti "how", bó tilẹ̀ jẹ́ pé "how" ti gbé "w" iwájú rẹ̀ mì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ rárá.

Ìdílé yìí kò mọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Quid" tí àwọn elédè Látìn ń lò fún "kí ni" bá "hwæt" tan: Látìn di ìró "k" àtijọ́ mú, àwọn baba ńlá elédè Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì sì sọ ọ́ di "h". Jacob Grimm, ọmọ Jámánì, ló to òfin ìyípadà yìí lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1822.

Ní ti "h", ẹnu ń pè é tẹ́lẹ̀, ṣáájú "w" sì ni wọ́n ń kọ ọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy, láti ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, àwọn akọ̀wé tí àṣà ìkọ̀wé Faransé ti mọ́ lára bẹ̀rẹ̀ sí í yí "hw" sí "wh", kí ó lè bá "ch" àti "th" dọ́gba. Lójú tèmi, àṣìṣe ni, nítorí ètò ti àtijọ́ ló bá ẹnu mu. Àwọn ará Scotland kọ "quhy" ní tiwọn fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti ní Ireland pẹ̀lú, ṣì ń mí "h" náà jáde kí wọ́n tó pe "w". Nínú "who" ni ọ̀rọ̀ ti yí bìrí: "h" ló wà láàyè níbẹ̀, "w" ló kú.