Kọ́sítíìkì ò lè pa òùngbẹ fáíbà: ìdáhùn fún ẹni tí pátákó ẹ̀ wú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fáíbà kenaf, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń bó lára ewéko kenaf, ni mo fi ṣe pátákó, polyester resin, oje oníkẹ́míkà tó máa ń le gbagidi, ni mo dà lé e. Nínú fídíò kan tí mo wò, wọ́n ní tí mo bá rẹ fáíbà yẹn sínú kọ́sítíìkì sódà mọ́jú, kò ní mu omi mọ́ láéláé, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá ri pátákó náà sómi fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó wúwo sí i, etí ẹ̀ wú, mo kàn tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó kán. Ṣé kí n fi kún kọ́sítíìkì ni àbí kí n kàn kun ún lọ́dà?

Ìdáhùn: Má fi kún un o! Ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi lemọ́lemọ́, orúkọ fáíbà nìkan ló ń yàtọ̀, ẹni àná ní jute, ẹni òní ní sisal, irọ́ kan náà sì ni wọ́n pa fún gbogbo yín. Àbúrò, kò sí ìwọ̀n kọ́sítíìkì tó máa sọ fáíbà ewéko di ọ̀rá tí omi kì í wọ̀.

Wo ohun tó wà nínú fáíbà yẹn fúnra ẹ̀. Cellulose ló pọ̀ jù, òun ló fún un lágbára. Hemicellulose wà láàárín, òun lòùngbẹ ń gbẹ jù. Lignin ló dà bí àtè tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Cellulose àti hemicellulose kún fún hydroxyl, ṣá sọ pé ọwọ́ kéékèèké tó ń di omi mú. Kọ́sítíìkì wá ń fọ̀ ọ́ ni. Ó ń yọ òróró àti ìda ara ẹ̀ kúrò, ó ń tú hemicellulose púpọ̀ jáde àti lignin díẹ̀, ara fáíbà á wá rí ṣákiṣàki, resin á sì ríbi dì mú. Àǹfààní gidi nìyẹn, torí tí hemicellulose bá dín, tí resin sì dì í mú dáadáa, omi tó máa mu á dín kù. Dín kù ni mo wí o, mi ò ní á tán. Cellulose ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọwọ́ ẹ̀, ìda tó o sì fọ̀ dànù yẹn gan-an ló ń lé omi sẹ́yìn díẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tó o bá rò pé ẹnu lásán ni, wo òwú. Lọ́dún 1844 ni John Mercer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣàkíyèsí ohun tí kọ́sítíìkì ń ṣe sí aṣọ òwú, ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ lọ́dún 1850, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n mú tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ yẹn ní mercerization títí dòní. Kọ́sítíìkì tiwọn sì le ju tiwa yìí lọ dáadáa. Ṣé aṣọ yẹn wá di ohun tí omi ò lè wọ̀ ni? Rárá, aró ló tún ń mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ohun tó ń jẹ́ kí òwú mu aró lẹnì kan wá ń tà fún yín bí oògùn tí omi ò fi ní wọlé. Ó máa ń bí mi nínú jàre.

Tí kọ́sítíìkì bá wá le jù tàbí tí fáíbà bá pẹ́ jù nínú ẹ̀, ohun tó so fáíbà pọ̀ á tú, cellulose gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, á sì máa já lọ́wọ́ ẹ kó tó fojú kan resin rárá. Ọ̀pọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bí ìdá 5 kọ́sítíìkì nínú 100, fún wákàtí díẹ̀, ká tó máa dán an wò lókè tàbí nísàlẹ̀ ìyẹn. Sódà ni kó o dà sínú omi, má da omi lé sódà lórí, ó máa ń hó ó sì lè ta síni lójú. Wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Má lo ìkòkò alumíníọ́mù, kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbiná.

Báwo lomi ṣe wá kán pátákó ẹ? Etí tó o gé ni orí fáíbà ti là sílẹ̀, ihò tóóró sì wà nínú fáíbà, omi á gba ibẹ̀ fà wọlé, resin gan-an tún ń mu díẹ̀díẹ̀. Fáíbà á wú, resin ò lè wú tó bẹ́ẹ̀, fáíbà á máa tì í látinú títí á fi sán wẹ́wẹ́, omi mìíràn á tún gba ojú ibi tó sán wọlé. Tó o bá wá gbé e gbẹ, fáíbà á súnkì, àlàfo á ṣẹ́kù. Agbára díẹ̀ lè padà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti jára wọn sílẹ̀ ò ní lẹ̀ mọ́. Nígbà míì, èyí tó tutù tiẹ̀ máa ń gba gbígbá ju èyí tó gbẹ lọ, torí omi ti mú kó rọ̀, má jẹ́ kíyẹn tàn ẹ́.

Ọ̀dà ńkọ́? Kùn ún, àmọ́ ó kàn ń fà á falẹ̀ ni, tó o bá sì kun ojú méjèèjì tó o gbàgbé etí àti ihò ìṣó, o ò ṣe nǹkan kan. Gé e tán, lu ihò ẹ̀ tán, kó o tó fi resin pa gbogbo ibi tó là. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ silane ló tún ń ran fáíbà àti polyester lọ́wọ́ láti di ara wọn mú, lọ wá a. Má sì kó fáíbà jù síbẹ̀, tí wọ́n bá ti ń fara kanra, omi á máa ti ara ọ̀kan bọ́ sí ìkejì.

Ibi tí mo fura sí jù, ìwọ ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀: gbígbẹ. Fáíbà tó kàn wà nínú afẹ́fẹ́ lè ti ní omi tó bí ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ri í sómi. Tó o bá da resin lé e bẹ́ẹ̀, kò ní lẹ̀ dáadáa, tí resin bá sì gbóná bó ṣe ń le, omi yẹn lè fi ihò sílẹ̀ nínú ẹ̀. Fọ kọ́sítíìkì kúrò títí, gbé e sínú ófùn bíi 80 dígíríì Celsius, wọ̀n ọ́n, dá a padà, tún wọ̀n ọ́n, títí ìwọ̀n ẹ̀ ò fi ní yí mọ́. Ojú lásán ò lè sọ fún ẹ pé ó ti gbẹ.

Tó o bá tún fẹ́ dán an wò, wọn èyí tó gbẹ, ri í sómi, nu ara ẹ̀, tún wọ̀n ọ́n, yọ ti gbígbẹ kúrò nínú ti tutù, fi ti gbígbẹ pín in, kó o sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ìyẹn ni ìdá omi tó mu nínú 100. Níbẹ̀rẹ̀, ohun tó mu lọ́jọ́ kìíní, ó máa tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó di ìlọ́po méjì, nítorí náà ọjọ́ mẹ́wàá lè má tíì jẹ́ òpin ẹ̀. Ṣẹ́ ègé márùn-ún tó gbẹ wò, ṣẹ́ márùn-ún tó tutù, látara pátákó kan náà, kó o fi agbára wọn wéra.

Mi ò fojú rí iṣẹ́ ẹ o, torí náà má fi ṣe àkàbà tàbí ohunkóhun téèyàn máa gùn. Sọ ìwọ̀n kọ́sítíìkì tó o lò fún mi, kó o sì sọ bó o ṣe gbé fáíbà yẹn gbẹ, tó bá jẹ́ pé o gbé e gbẹ.