Kí ni aṣọ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ń sọ lára òṣèré kabuki?

Ìbéèrè: Mo rí àwòrán àtijọ́ kan láti Jàpáánì. Òṣèré kabuki (eré orí ìtàgé ìbílẹ̀ Jàpáánì) ló wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ipa ta ló ń kó nínú eré náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Kò kó ipa ẹnikẹ́ni, ó ti kú ni. Shini-e ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ìyẹn àwòrán òkú. Aṣọ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí rẹ̀. Tí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà bá tún wà níbẹ̀, ó parí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tó kú, ọjọ́ orí rẹ̀, tẹ́ńpìlì tí wọ́n sin ín sí, àti orúkọ tuntun tí wọ́n fún un lẹ́yìn ikú ní ìlànà Búdà.

Ẹ má rò pé ẹbí ló ń tẹ̀ ẹ́ o. Ọjà ni. Bí gbajúmọ̀ òṣèré bá ti kú ní Edo (Tokyo òde òní) tàbí Osaka, àwọn tó ń ta àwòrán a gbéṣẹ́ fún ayàwòrán, agbẹ́gi a gbẹ́ ẹ sára pákó igi ṣẹ́rì, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ a sì máa fi pákó ọ̀tọ̀ tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kíákíá ni, kí ọ̀rọ̀ ó tó tutù. Ìkánjú yìí wà lára ohun tó fà á tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fi ní orúkọ ayàwòrán tàbí òǹtẹ̀ ìjọba, tí ọjọ́ ikú tó wà lára òmíràn ò sì bá ti èkejì mu.

Ti Ichikawa Danjuro Kẹjọ, òṣèré kabuki ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ tó jẹ́ orúkọ yẹn, ló pọ̀ jù. Arẹwà ọkùnrin ni, àwọn obìnrin ń ya bò ó. Ní 1854, ó pa ara rẹ̀ ní Osaka lẹ́ni ọdún 32 nínú ìṣírò àtijọ́ àwọn ará Jàpáánì, tó ń ka ọmọ tuntun sí ọmọ ọdún kan. Oríṣi àwòrán òkú tí wọ́n tẹ̀ fún un lé ní 100. Nínú irú kan, ńṣe ló nà gbalaja bíi Búdà lọ́jọ́ ikú rẹ̀, tí àwọn obìnrin yí i ká, tí wọ́n ń sunkún kíkorò. Ṣé ọ̀fọ̀ nìyẹn àbí ẹ̀fẹ̀? Lójú tèmi, méjèèjì ni, ẹni tó ń tà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ara aṣọ òṣèré tiyín dáadáa. Bí ẹ bá rí onígun mẹ́rin mẹ́ta tó wọnú ara wọn, àmì ìdílé Danjuro nìyẹn.