Èsì: Ìdí tí ilẹ̀ fi mì lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọmọ yín ní Tokyo sọ pé ilẹ̀ kọ́kọ́ mì fẹ́ẹ́, kó tó wá mì jìgìjìgì. Ìgbì méjì ni, wọn ò jọ rìn. Èyí tí wọ́n ń pè ní P ló ń kọ́kọ́ dé: ó ń ti òkúta síwá sẹ́yìn, bíi kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú òkúta bíi ti Olúmọ. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní S, ò yára tó bẹ́ẹ̀, bíi kìlómítà 3.5. Ẹ wo aládìrẹ Ìtòkú tó di etí aṣọ mú, tó gbọ̀n ọ́n: ìgbì á sáré dé etí kejì, aṣọ ò kúrò lójú kan. S nìyẹn. Kò lè la ohun tó bá ń ṣàn kọjá. Ohun tó tú àṣírí irin yíyọ́ inú ayé nìyẹn (èyí ló dùn mọ́ mi jù). Àwọn ìgbì mìíràn tó ń gba ojú ilẹ̀ ló ń dé kẹ́yìn, àwọn ló sì sábà ń wó ilé.