Ìró Ìparí Ọ̀rọ̀ Ni Kí Ẹ Máa Wò

Arákùnrin wa tó béèrè bóyá ó pọn dandan kí ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Lárúbáwá máa ṣe wàhálà lórí íráàbù, ìyẹn ìró tó ń yí padà ní ìparí ọ̀rọ̀ láti fi ipò rẹ̀ hàn nínú gbólóhùn, nígbà tí èdè tiwa kò ní irú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ilé kéwú tí mo ti kàwé ní Ìlọrin, mo há ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ sórí, mo sì rò pé mo ti gbọ́ èdè náà. Lọ́jọ́ kan, Àáfà wa ní kí n túmọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ 124 nínú Suratul Bakara: "Wa idhi-btalaa Ibraahiima Rabbuhu." Mo tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ ṣe tò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní Yorùbá, mo ní, "Nígbà tí Ibrahim dán Olúwa rẹ̀ wò." Gbogbo wa dákẹ́ lọ lórí ẹní. Àáfà kò nà mí. Wọ́n fi ìka lé fatha, àmì kékeré ìró "a", tó wà lórí lẹ́tà tó parí orúkọ Ibrahim, wọ́n gbé e lọ sórí damma, àmì ìró "u", tó wà nínú "Rabbu", wọ́n ní kí n tún un kà. Fatha yẹn ló sọ pé Ànábì Ibrahim ni a dán wò. Damma yẹn ló sọ pé Olúwa rẹ̀ ló dán an wò. Omijé bọ́ lójú mi, nítorí àmì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni mo fojú fò, tí mo fi gbé iṣẹ́ Ọlọ́run fún ẹrú Rẹ̀.

Kì í sì í ṣe òótọ́ pé Yorùbá kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ẹnu ara yín. Ohùn àárín ni "ọmọ" ní látòkèdélẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá di olùwà, "ọmọ́ lọ" la ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà kọ ohùn òkè yẹn sílẹ̀. "Rà" tí a gbọ́ nínú "ó rà á" máa ń di "ra" nígbà tí aṣọ bá tẹ̀ lé e: "ó ra aṣọ". A sì ń sọ "ìwé e Táíwò", tí ìparí ìwé máa ń gùn díẹ̀ kí orúkọ ẹni tó ni ín tó jáde.

Ti ohun ìní rọrùn fún wa: "kitaabu-l-waladi" ni ìwé ọmọ, ohun tí a ni ló ṣáájú, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Kasra, àmì ìró "i", ní ìparí ọ̀rọ̀ kejì nìkan ni kí ẹ má gbàgbé.

Ohun tó tún mi ṣe ni pé, kí n tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè rárá, mo máa ń wá ọ̀rọ̀ ìṣe, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tó gba damma, lẹ́yìn náà èyí tó gba fatha. Àwọn orúkọ kan wà, bíi Muusaa àti Iisaa, tí ìró gígùn ìparí wọn kì í jẹ́ kí àmì kankan hàn. Nínú "daraba Muusaa Iisaa", àwọn onímọ̀ gírámà ní ẹni tó ṣáájú ni kí a gbà pé ó na èkejì. Níbẹ̀, títẹ̀lé bí ọ̀rọ̀ ṣe tò, èyí tó ṣì mí lọ́nà lọ́jọ́ Ibrahim, ló tọ̀nà.