Èsì: Ẹsẹ̀ Bàbá wú lẹ́yìn tí wọ́n fi kún eré ẹ̀rọ ọkàn

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹsẹ̀ wọn wú lẹ́yìn tí wọ́n fi kún eré HeartMate 3 wọn (ẹ̀rọ tí wọ́n fi sínú àyà láti máa bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ jáde; eré rẹ̀ ni bó ṣe ń yára yí tó), ẹ sì béèrè bóyá dókítà ò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n lè mọ púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Apá òsì ọkàn nìkan ni ẹ̀rọ náà ń ràn lọ́wọ́. Bó bá ṣe ń sáré sí i ni ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí apá ọ̀tún ń pọ̀ sí i. Bí ọ̀tún bá ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, agbára rẹ̀ ò ní ká a, omi á sì dúró sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń yí eré náà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń wo ọkàn nínú ẹ̀rọ ayàwòrán: ṣé ògiri àárín ọkàn ò tíì tẹ̀ sí òsì? Ṣé ilẹ̀kùn tó lọ sí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ṣì ń ṣí? Bí wọ́n bá tún ki rọ́bà tín-ín-rín gba iṣan ọrùn láti wọn ìfúnpá apá ọ̀tún, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ilé ìwòsàn lónìí nípa ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn, ẹ má sì dá fi kún oògùn títọ̀ wọn fúnra yín.